Ológbò Inú Ilé àti Ìlera Ará Ìlú: Àlàyé fún Àwọn Ará Sábó Ọ̀yọ́ àti Sábó Ògbómọ̀ṣọ́

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá kò jìnnà sí ilé ẹnikẹ́ni nínú wa. Ọ̀rọ̀ ológbò ni, àti ti àwọn kòkòrò tí ń gbé inú rẹ̀, tí wọ́n sì lè ti ibẹ̀ dé ara ènìyàn. Mo fẹ́ kí a fi ojú ìmọ̀ wò ó, nítorí pé ojú ìbẹ̀rù ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń wò ó. Bí ológbò bá ké lóru, a ní àjẹ́ ni. Bí oyún bá bàjẹ́ nínú ilé tí ológbò wà, àwọn kan a máa wá ẹni tí wọn yóò di ẹ̀bi rù; ó lè jẹ́ orogún, ó lè jẹ́ ìyá ọkọ, ó sì lè jẹ́ aboyún náà fúnra rẹ̀. Èyí ni ó mú kí ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀rọ̀ ẹranko lásán lọ.

1. Ìdí tí ológbò fi wà láàrin wa

Inú èdè Hausa ni orúkọ Sábó ti wá. Sabon Gari túmọ̀ sí ìlú tuntun. Àdúgbò àwọn àlejò tí ó ti Òkè Ọya wá ṣòwò ni. Níbi tí a bá sì ti ń kó ọkà bàbà, àgbàdo, ẹ̀wà àti èlùbọ́ pamọ́, èkúté kò ní ṣàìdé ibẹ̀. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé bí ológbò kò bá sí nílé, ilé á di ilé èkúté. Yàtọ̀ sí pé eku ń ba ọjà jẹ́, irú eku kan tí ń wọlé wá jẹun ni ó ń gbé àrùn Lassa kiri, èyí tí a kọ́kọ́ dá mọ̀ ní 1969, tí a sì fi orúkọ ìlú Lassa ní ìpínlẹ̀ Borno pè é. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní kí a lé gbogbo ológbò kúrò nílùú kò tíì ro ọ̀rọ̀ náà dé òpin.

2. Kòkòrò náà àti ọ̀nà tí ó ń gbà

Nínú gbogbo kòkòrò inú ológbò, èyí tí mo fẹ́ tẹnu mọ́ jù lọ ni Toxoplasma gondii. Ojú lásán kò lè rí i. Ní 1908 ni Charles Nicolle àti Louis Manceaux rí i ní Tunis, nínú ẹran kékeré kan tí ó jọ eku. Ní ọdún yẹn kan náà ni Alfonso Splendore rí i nínú ehoro ní Brazil. Síbẹ̀, ó tó nǹkan bí ọgọ́ta ọdún kí àwọn onímọ̀ tó mọ̀ dájú pé inú ìfun ológbò àti àwọn ẹranko ìdílé rẹ̀ nìkan ni kòkòrò yìí ti ń yé ẹyin.

Bí ó ti ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Ológbò a pa eku tàbí kí ó jẹ ẹran tútù tí kòkòrò náà wà nínú rẹ̀. Kòkòrò yóò pọ̀ sí i nínú ìfun rẹ̀, ológbò yóò sì máa yàgbẹ́ ẹyin náà jáde ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà àìníye fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta. Lẹ́yìn èyí, ó sábà máa ń dáwọ́ dúró. Ẹyin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kò tíì lè ran ẹnikẹ́ni. Ó ń gba ọjọ́ kan sí márùn-ún kí ó tó gbó. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti gbó, ó lè wà nínú ilẹ̀ tútù ju ọdún kan lọ láìkú. Ewúrẹ́, àgùntàn, adìyẹ tàbí ènìyàn tí ó bá gbé e mì yóò gbà á sára. Láti inú ìfun ni yóò ti lọ sínú ẹran ara àti ọpọlọ, tí yóò sì fara pamọ́ síbẹ̀.

Kòkòrò yìí tilẹ̀ ń yí ìwà eku padà. Ní 2000, Berdoy, Webster àti Macdonald fi hàn ní Oxford pé eku tí ó ní in kì í sá fún òórùn ológbò bí ó ti yẹ. Ẹ rí i pé eku ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bá ẹni tí yóò pa á jẹ, kòkòrò sì ń tipa bẹ́ẹ̀ padà sílé.

Ẹnìkan lè bi mí pé: ṣé ológbò ni a ó bá wí ni, tàbí ẹran? Àwọn méjèèjì ni. Ní 1969, Wallace ròyìn pé ní àwọn erékùṣù kan ní òkun Pàsífíìkì tí kò sí ológbò, ó ṣọ̀wọ́n kí a tó rí ẹni tí ó ní àmì kòkòrò yìí nínú ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1965, Desmonts àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn ní Paris pé àwọn ọmọ tí a ń tọ́jú ní ilé ìwòsàn kan, tí wọ́n ń jẹ ẹran tí kò jinná, tètè ń kó o. Ológbò ni orísun. Ilẹ̀, ewébẹ̀ àti ẹran ni ojú ọ̀nà.

3. Ẹni tí ewu wà fún

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó bá kó kòkòrò yìí kì í mọ̀. Ibà díẹ̀ lè ṣe wọ́n, kókó ọrùn sì lè wú, kí ó sì lọ. Ẹni tí agbára ìdènà àrùn rẹ̀ ti rẹ̀, bí ẹni tí ó ní àrùn éèdì tí kò lo oògùn, ni ó lè jí dìde sí lára, kí ó sì ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́.

Ọmọ inú oyún ni èkejì. Ní 1939, Wolf, Cowen àti Paige fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní New York pé ìyá lè fi ran ọmọ inú rẹ̀. Oyún lè bàjẹ́. Ọmọ lè kú kí a tó bí i. Omi lè kún orí rẹ̀. Ojú rẹ̀ sì lè bàjẹ́, nígbà mìíràn lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Bí ìyá bá kó o ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún, kì í sábà dé ara ọmọ, ṣùgbọ́n bí ó bá dé ibẹ̀, ó ń burú púpọ̀. Ní ìparí oyún, ó ń tètè dé ara ọmọ, ṣùgbọ́n ìbàjẹ́ rẹ̀ sábà máa ń kéré.

Nítòsí wa níbí, Onadeko àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde ní 1992 lórí àwọn aboyún Ìbàdàn. Ju ìdajì lọ nínú wọn ni ó ní àmì kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀. Kí èyí má dẹ́rù bà yín. Obìnrin tí ó ti kó o kí ó tó lóyún sábà ní ààbò fún ọmọ rẹ̀. Àwọn tí kò tíì kó o rí ni ó yẹ kí a ṣọ́ jù lọ.

Láti inú èyí ni mo ti ń bẹ̀ yín pé kí a jáwọ́ nínú fífi ẹ̀sùn àjẹ́ kan obìnrin. Kì í ṣe gbogbo oyún tí ó bàjẹ́ ni kòkòrò yìí fà; ohun mìíràn pọ̀ tí ó lè fà á. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni ó lè sọ, kì í ṣe igbe ológbò.

4. Àwọn aran inú ológbò

Àwọn aran pẹ̀lú wà. Toxocara cati ń yé ẹyin sínú ìgbẹ́ ológbò, bí ìbátan rẹ̀ tí ń gbé inú ajá. Ọmọdé tí ń fi ọwọ́ eléèpẹ̀ sẹ́nu lè gbé e mì, kí ó sì rìn dé ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀fóró tàbí ojú. Irú aran mìíràn ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni tí kò wọ bàtà wọlé, yóò sì máa rìn kọ́lọkọ̀lọ lábẹ́ awọ ara, tí yóò máa yún ènìyàn gidigidi. Yanrìn tí àwọn bíríkìlà kó sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà ni ológbò fẹ́ràn láti yàgbẹ́ sí, ibẹ̀ náà sì ni àwọn ọmọ ti ń ṣeré.

5. Ohun tí ó yẹ kí a ṣe

Èkínní, kí a se ẹran jinná, kí pupa má kù nínú rẹ̀. Bí ooru bá wọ inú ẹran dé ìwọ̀n 67 ti Celsius, kòkòrò náà kú. Ẹ̀yin tí ń sun súyà, ẹ gé e ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ̀rọ amóǹkandì lè pa á bí òtútù rẹ̀ bá le fún ọjọ́ mélòó kan, ṣùgbọ́n iná mànàmáná tí ń lọ tí ń bọ̀ kò jẹ́ kí a gbẹ́kẹ̀ lé e.

Èkejì, kí a fọ ọwọ́, ọ̀bẹ àti pátákó lẹ́yìn tí a bá gé ẹran tútù. Kí a fi omi mímọ́ tí ń ṣàn fọ ewébẹ̀ tí a ó jẹ ní tútù. Omi háípò kì í pa ẹyin kòkòrò yìí.

Ẹ̀kẹta, kí ẹlòmíràn máa kó ìgbẹ́ ológbò fún aboyún, lójoojúmọ́, kí ó tó gbó. Kí a bo yanrìn ilé kíkọ́, kí àwọn ọmọ sì wọ bàtà.

Ẹ̀kẹrin, kí a má fi ìfun àti ẹran tútù bọ́ ológbò; kí a mú un lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ẹranko fún oògùn aran.

Ẹ̀karùn-ún, kí aboyún béèrè nípa àyẹ̀wò yìí ní ilé ìwòsàn, nítorí pé oògùn wà fún un.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, nínú gbogbo èyí, kò sí ibi kan tí mo ti ní kí a pa ológbò. Fífi ọwọ́ pa á lára kọ́ ni olórí ọ̀nà tí àrùn yìí ń gbà. Ọbẹ̀ tí ó jinná, ọwọ́ tí ó mọ́ àti àyíká tí a gbá ni ààbò wa. Bí a bá mú wọn lò, ológbò yóò máa ṣọ́ àká wa, aboyún yóò sì bí tibi-tire.