Oorun Kọ̀, Kò Wá: Ohun Tó Yẹ Ká Mọ̀ Nípa Melatonin Fún Àwọn Ọmọ Tó Nílò Àkànṣe Ìtọ́jú

Bí ẹ bá wà nínú dánfó, ẹ fi yáàpíìsì sétí dáadáa. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ̀ ń kà á lórí fóònù lórí bẹ́ẹ̀dì ni, ẹ dín iná fóònù yẹn kù díẹ̀. Ẹ máa tó mọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, fóònù mi dún ní nǹkan bí aago 2 òru. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni. Ó fi fọ́tò ike kan ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Wọ́n kọ "melatonin" sí i lára gàdàgbà, wọ́n sì ya òṣùpá sí i. Ẹnì kan tó ti Houston dé ló gbé e wá fún un. Voice note kékeré kan ló tẹ̀ lé e: "Àbúrò mi, ṣé kí n fún un? Ó ti rẹ̀ mí."

Ọmọkùnrin rẹ̀, ọmọ ọdún 6, ní autism. Mo ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ọmọ náà nínú voice note yẹn, ó ń sáré lọ sáré bọ̀ nínú pálọ̀. Bẹ́ẹ̀ aago 6 àárọ̀, ìyá rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wà lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́. Àwọn àgbà ní ọmọ tó ní kí ìyá òun má sùn, òun náà kò ní fojú kan oorun. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí kò ní kí ìyá rẹ̀ má sùn o. Oorun ló kọ̀ tí kò wá bá òun fúnra rẹ̀.

Mo dá a lóhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tíì fún un. Ẹ jẹ́ kí n wádìí ná." Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Èmi kì í ṣe dókítà, iṣẹ́ agbóhùnsáfẹ́fẹ́ ni mo kọ́. Torí náà, ẹ má fi ètò yìí rọ́pò dókítà yín.

Kí ni melatonin gan-an?

Kì í ṣe oògùn oorun bí ọ̀pọ̀ wa ṣe rò ó. Hòmóònù ni, ara wa fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é. Ohun kékeré kan wà láàárín ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní pineal gland, kò fi bẹ́ẹ̀ ju hóró ìrẹsì lọ. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, á bẹ̀rẹ̀ sí í tú melatonin sínú ẹ̀jẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, á dín in kù. Ní 1958 ni Aaron Lerner àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Yale, ní Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ yọ ọ́ sọ́tọ̀, tí wọ́n sì fún un lórúkọ.

Ẹ fojú akéde ìlú wò ó. Akéde kì í fà yín wọlé. Ó kàn máa ń lu agogo ni pé àkókò ti tó. Bí melatonin ṣe ń ṣe nìyẹn: ó ń sọ fún ara pé alẹ́ ti lẹ́. Kì í gbá èèyàn lulẹ̀ bí oògùn tí wọ́n fi ń kun èèyàn lóorun nígbà iṣẹ́ abẹ. Ohun tó sì máa ń pa akéde yìí lẹ́nu mọ́ ni ìmọ́lẹ̀, pàápàá ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ búlúù tó ń jáde lójú fóònù àti tẹlifíṣọ̀n. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ dín iná fóònù kù nìyẹn.

Kí ló dé tí oorun fi ń le fún àwọn ọmọ wọ̀nyí?

Ìṣòro oorun wọ́pọ̀ gan-an láàárín àwọn ọmọ tó ní autism tàbí ADHD, ju bó ṣe wà láàárín àwọn ọmọ mìíràn lọ. Fún àwọn kan, melatonin inú ara wọn kì í tètè jáde lálẹ́. Àìsàn kan tó ṣọ̀wọ́n tiẹ̀ wà, Smith-Magenis syndrome, tó jẹ́ pé ọ̀sán ni melatonin ọ̀pọ̀ àwọn tó ní in máa ń pọ̀ jù. Akéde wọn ń lu agogo alẹ́ nígbà tí oòrùn wà lókè!

Ṣùgbọ́n kì í ṣe hòmóònù nìkan ló ń fà á. Ìró jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò tí èmi àti ẹ̀yin lè fara dà, ó lè máa dún bíi sìméńtì tí wọ́n ń lọ̀ nínú etí ọmọ tó ní autism. Ooru tún ńkọ́, nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ? Aṣọ tó ń yún un lọ́rùn ńkọ́? Ó sì lè jẹ́ ìrora: inú tó ń run ún, ìgbẹ́ tí kò ṣu, eyín tó ń dùn ún, wárápá tó ń gbé e lóru. Àìtó iron nínú ẹ̀jẹ̀ pàápàá lè mú kí ẹsẹ̀ má gbádùn lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀ kò lè wí pé, "Mọ́mì, inú ń run mí." Àìsùn ni yóò fi sọ ọ́. Bí a bá wá fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní melatonin, a kàn bo ìṣòro náà mọ́lẹ̀ ni.

Ṣé ó tiẹ̀ ń ṣiṣẹ́?

Ó ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ tó. Ìwádìí kan wà tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń pè é ní MENDS, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ ní 2012. Àwọn ọmọ 146 tí ìdàgbàsókè ọpọlọ wọn nílò ìrànlọ́wọ́ ló kópa. Wọ́n kọ́kọ́ fún àwọn òbí ní ìmọ̀ràn lórí bí wọ́n á ṣe ṣètò oorun ọmọ. Àwọn tí ìyẹn kò tán ìṣòro wọn ni wọ́n wá pín sí méjì: apá kan gba melatonin, apá kejì gba oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú.

Nínú ìwé tí àwọn òbí ń kọ lójoojúmọ́, àwọn tó gba melatonin fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 37 tètè sùn lọ ju àwọn yòókù lọ. Ṣùgbọ́n gbogbo oorun tí wọ́n sùn lóru fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 22 péré ju tàwọn yòókù lọ, torí pé wọ́n tún máa ń tètè jí. Ohun tí èyí ń sọ fún wa ni pé melatonin máa ń ran ọmọ lọ́wọ́ láti sùn lọ, ju pé kó mú un sùn pẹ́ títí lọ. Fún ìyá tó ń jókòó ti ọmọ títí di aago 2, ìṣẹ́jú 37 kì í ṣe nǹkan kékeré. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìyanu kọ́ o.

Ní 2018, wọ́n fọwọ́ sí oògùn melatonin kan tó ń jẹ́ Slenyto nílẹ̀ Yúróòpù, fún àwọn ọmọ ọdún 2 sí 18 tó ní autism tàbí Smith-Magenis syndrome. Díẹ̀díẹ̀ ló máa ń tú sínú ara, kí ipa rẹ̀ lè pẹ́. Àmọ́ ìlànà rẹ̀ sọ ọ́ kedere: ìgbà tí ṣíṣètò àṣà oorun ọmọ kò bá tó ni wọ́n ń lò ó. Àwọn dókítà iṣan àti ọpọlọ ní Amẹ́ríkà náà sọ irú rẹ̀ nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2020: àṣà oorun ni kó ṣáájú, kí melatonin tẹ̀ lé e.

Ọ̀rọ̀ ike tó ti Amẹ́ríkà wá

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa tí a ní ẹbí lókè òkun rèé. Ní Lọ́ńdọ̀nù, bí ẹ bá fẹ́ melatonin fún ọmọ, dókítà ló máa kọ ọ́ fún yín. Ní Houston, ẹ lè rìn wọ súpámákẹ́ẹ̀tì kí ẹ sì gbé e bí ẹni gbé bísíkíìtì, torí pé òfin ibẹ̀ kà á mọ́ àfikún oúnjẹ, kò kà á mọ́ oògùn. Èyí túmọ̀ sí pé ìjọba kì í yẹ̀ ẹ́ wò kó tó dé orí igbá bí wọ́n ṣe ń yẹ oògùn wò.

Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀? Ní 2023, àwọn olùwádìí yẹ oríṣi melatonin 25 tó dà bíi súìtì rírọ̀ wò, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA. Méjìlélógún nínú wọn ni ohun tó wà nínú rẹ̀ kò bá ohun tí wọ́n kọ sára ike mu. Èyí tó pọ̀ jù ní ju ìlọ́po mẹ́ta ohun tí wọ́n kọ lọ. Ọ̀kan tiẹ̀ wà tí kò ní melatonin kankan nínú rárá! Bí ẹ bá rò pé 3 mílígíráàmù lẹ̀ ń fún ọmọ, ta ló mọ ohun tí ẹ fún un?

Nítorí pé ó dùn bíi súìtì náà, àwọn ọmọdé ń jí i jẹ. Ní Amẹ́ríkà, iye ìgbà tí wọ́n pe ibùdó ìrànlọ́wọ́ májèlé nítorí ọmọ tó gbé melatonin mì jẹ́ 8,337 ní 2012. Nígbà tó fi máa di 2021, ó ti di 52,563. Ẹ gbé e sókè, ẹ tì í, ẹ má sì pè é ní súìtì lójú ọmọ láéláé.

Kí ni kí òbí wá ṣe?

Èkíní, ẹ tún alẹ́ ṣe. Kí aago tí ọmọ ń sùn àti èyí tó ń jí jẹ́ ọ̀kan náà lójoojúmọ́, títí kan òpin ọ̀sẹ̀. Kí fóònù àti tẹlifíṣọ̀n kú ní wákàtí kan ṣáájú oorun. Kí ohun tí ẹ ń ṣe lálẹ́ ní ètò kan náà: ìwẹ̀, aṣọ alẹ́, ìtàn, iná pípa. Àwọn ọmọ tó ní autism fẹ́ràn ohun tí wọ́n ti mọ̀ pé ó ń bọ̀.

Èkejì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì: aago tó dùbúlẹ̀, aago tó sùn, iye ìgbà tó jí, ohun tó jẹ. Ẹ gbé ìwé yẹn lọ bá dókítà. Ẹ sọ gbogbo oògùn tí ọmọ ń lò fún un, pàápàá oògùn wárápá, torí pé oògùn kan máa ń da òmíràn rú.

Ẹ̀kẹta, bí dókítà bá fọwọ́ sí i, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n kékeré tó bá sọ. Ẹ béèrè aago tó yẹ kí ẹ lò ó. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ìṣẹ́jú 30 sí wákàtí kan ṣáájú oorun ni. Ẹ rà á lọ́dọ̀ apòògùn tó mọṣẹ́, kí ẹ sì wo nọ́ńbà NAFDAC lára rẹ̀. Bí orí bá ń fọ́ ọmọ, tàbí tó ń tòògbé ní kíláàsì láàárọ̀, ẹ padà lọ sọ fún dókítà.

Ẹ̀kẹrin, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi oògùn ikọ́ tàbí oògùn ara yíyún kun ọmọ lóorun. Mo mọ̀ pé wọ́n ń ṣe é ládùúgbò. Ó léwu.

Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́?

Kò ṣí ike yẹn. Ó gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà, wọ́n sì rí i pé ọmọ náà kì í rí ìgbẹ́ ṣu dáadáa, ó sì ti pẹ́. Wọ́n tọ́jú ìyẹn. Wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n kúrò ní yàrá tó ń sùn. Lẹ́yìn náà ni dókítà wá kọ melatonin díẹ̀ fún un, ó sì dá ọjọ́ tí wọ́n á padà wá kí wọ́n lè wò ó bóyá ó ṣì nílò rẹ̀.

Ní báyìí, lọ́pọ̀ alẹ́, ó ti máa ń sùn kí aago 10 tó lù. Kì í ṣe gbogbo alẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi fi voice note mìíràn ránṣẹ́, kò sọ nǹkan kan nínú rẹ̀. Mo gbé e sétí, mi ò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ kankan. Fáànù nìkan ló ń dún.

Bí ẹ bá mọ ìyá tàbí bàbá kan tó wà lójúfò lóru òní, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ ná. Ó dàárọ̀ o.