Férémù Ike Tí Ìyá Kó Dànù

Ìwé kan tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ ìyá kan, ọmọ Yorùbá tí ń gbé ní Peckham ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, a kò sì lè ṣàì dá a lóhùn. Ọmọkùnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kànlá, fẹ́ràn láti máa to àwọn ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí a fi ike ṣe, irú èyí tí a ń tà nínú páálí, tí olúwarẹ̀ yóò fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀ fúnra rẹ̀. Bí ó bá gé àwọn ẹ̀yà ọkọ̀ náà kúrò tán, kì í da férémù tí ó so wọ́n pọ̀ nù. Abẹ́ ibùsùn ni ó ń kó o sí. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, nígbà tí ọmọ wà ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, ìyá gbá abẹ́ ibùsùn, ó di gbogbo rẹ̀ sínú àpò, àwọn akólẹ̀ sì gbé e lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Abẹ̀bẹ̀ iwájú ọkọ̀ Spitfire, tí ọmọ náà fi oṣù mẹ́ta tọ́jú owó rà, ṣì wà lára ọ̀kan nínú wọn. Láti ìgbà náà, ọmọ ń kí ìyá rẹ̀ ní òwúrọ̀, ṣùgbọ́n kò bá a sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ìyá bi wá bóyá òun ṣẹ̀, àti ohun tí ènìyàn tilẹ̀ lè fi irú pàǹtí bẹ́ẹ̀ ṣe.

Ìyá tí kò gbá abẹ́ ibùsùn rárá ni à bá bá wí. Ṣùgbọ́n pàǹtí kọ́ ni ohun tí ó kó dànù. Ní ilé iṣẹ́, a máa ń yọ́ ike, a ó sì fi agbára tì í sínú àdàkọ irin. Ojú ọ̀nà tí ike gbà ṣàn dé ibi apá àti ìrù ọkọ̀ ni ó tutù, tí ó di férémù. Àwọn baba wa tí ń yọ́ idẹ dà sínú amọ̀ mọ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ dáadáa. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù lójú ọ̀nà ni wọn ń gé kúrò, tí wọn sì ń dá padà sínú ìkòkò ìyọ́dẹ. Ike yìí náà, tí a ń pè ní polystyrene, ṣeé tún yọ́. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ ìlú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í gbà á mọ́ ìgò àti páálí, kì í sì í jẹrà nínú ilẹ̀.

Àwọn ará Japan ti gbìyànjú. Ilé iṣẹ́ Bandai, tí ó ti ń ta àwọn ọkùnrin irin Gundam láti 1980, bẹ̀rẹ̀ ní 2021 láti gbé àpótí sí nǹkan bí 190 ibi ìṣeré káàkiri ilẹ̀ náà, kí àwọn ọmọdé àti àgbà lè da férémù wọn síbẹ̀. A tún fi ike tí ó ṣẹ́kù ṣe ohun ìṣeré tuntun. Dúdú ni àwọ̀ rẹ̀, nítorí pupa, funfun àti búlúù ti dàpọ̀. Lẹ́yìn tí Olúwa wa bọ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún ọkùnrin, a ṣa àjẹkù jọ, ó sì kún agbọ̀n méjìlá; Jòhánù kò ka ìyẹn sí ohun tí kò yẹ ní kíkọ sílẹ̀.

Nínú ilé pẹ̀lú, iṣẹ́ kò wọ́n. Bí a bá di ọ̀pá férémù mú lókè iná àbẹ́là, tí kò kan iná náà, tí a sì ń yí i títí yóò fi rọ̀, tí a wá mú un kúrò kí a tó fà á, yóò gùn bí òwú. Òun ni àwọn tí ń to ọkọ̀ ojú omi fi ń ṣe okùn òpó. Ẹ̀wẹ̀, bí a bá gé e wẹ́wẹ́ sínú ìgò gọ́ọ̀mù olómi tí a fi ń lẹ irú ike yìí, tí a fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, yóò yọ́, yóò ki, a ó sì fi dí àlàfo tí ó bá wà láàrin ẹ̀yà méjì. Kí a fún un ní ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó gbẹ, nítorí yóò sún kì, kí a tó fi fáìlì rà á.

Ẹ̀yin òbí, ẹ gbọ́ eléyìí: gọ́ọ̀mù náà ń gbiná kíákíá, òórùn rẹ̀ kò sì dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Fèrèsé ṣíṣí ni kí a ti máa lò ó, kí àbẹ́là má sì ṣe sí nítòsí rẹ̀ láé. Bákan náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dáná sun férémù lẹ́yìn ilé bí a ti máa ń ṣe sí ọ̀rá nílé níhìn-ín. Èéfín dúdú rẹ̀ burú.

Èyí ni a kọ sí ìyá náà, a sì fi kún un pé kí ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣòro fún ìyá Yorùbá láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwé kejì ti dé. Ó tọrọ rẹ̀. Wọ́n rí férémù ọkọ̀ ojú omi kan nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ibi tí ìgbálẹ̀ kò dé. Lára àwọn ibi pẹlẹbẹ tí a kọ nọ́ńbà sí ni ọmọ ti gé abẹ̀bẹ̀ mẹ́ta, ìyá sì bá a di wọ́n mú nígbà tí ó ń fi fáìlì rà wọ́n. Ọ̀kan gùn ju àwọn méjì yòókù lọ díẹ̀. Ìyá fẹ́ gé e kúrú, ọmọ sì wí pé, “Ẹ fi í sílẹ̀, Màámi, ó ti tó.”