VA Kọ̀wé Pé Àwọn Kò Gbà: Ẹ Má Jẹ́ Kí Ọdún Kan Kọjá Kí Ẹ Tó Pe Kòtẹ́milọ́rùn



Kì í ṣe ohun àjèjì mọ́ pé kí ọmọ Mùsùlùmí láti ilé Yorùbá wọ iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà. Ẹni tó ní green card lè wọ̀ ọ́ kó tó di ọmọ onílùú. Èyí tí a kì í sábà sọ ni ohun tó ń bá a bọ̀ nílé lẹ́yìn iṣẹ́: ẹ̀yìn tó ń ro ó, etí tó ń hó, oorun tó fò lọ. Á kọ̀wé sí VA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn sójà tó ti fẹ̀yìn tì, pé kí wọ́n máa san owó àjẹmọ́nú ìpalára fún òun. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, lẹ́tà á dé pé wọn kò gbà. Á ká a, á sọ ọ́ sínú àpótí, á ní, “Ọlọ́run ò ní í fi wá sílẹ̀.”

Ọlọ́run kì í fi ẹrú rẹ̀ sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n lẹ́tà tó wà nínú àpótí yẹn ní gbèdéke. Ọdún kan ni, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí rẹ̀. Ẹni tó bá pe kòtẹ́milọ́rùn láàárín ọdún yẹn, tó sì jàre, wọ́n sábà máa ń ṣírò owó rẹ̀ láti ọjọ́ tó kọ́kọ́ kọ̀wé. Ẹni tó bá jẹ́ kó kọjá ṣì lè padà wá, àmọ́ ọjọ́ tó padà wá ni wọ́n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ìṣírò tirẹ̀. Owó gbogbo oṣù tó wà láàárín ti lọ nìyẹn.

Owó yìí kì í ṣe sàráà, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ tijú láti bèèrè rẹ̀. Òfin ló fọwọ́ sí i, wọn kì í sì í gba owó orí lórí rẹ̀.

Kí ni lẹ́tà náà sọ pé ó kù?

Ẹ má kàn rí “Denied” kẹ́ ẹ pa lẹ́tà dé. Ẹ kà á dé ibi tí wọ́n ti ṣàlàyé ìdí wọn. Ohun mẹ́ta ni VA ń wá. Àkọ́kọ́ ni àìsàn tàbí ìpalára tí dókítà jẹ́rìí sí pé ó wà lára lónìí. Ìkejì ni ohun kan tó ṣẹlẹ̀ nígbà iṣẹ́ ológun. Ìkẹta ni okùn tó so méjèèjì pọ̀. Lẹ́tà náà gbọ́dọ̀ sọ èyí tí wọ́n gbà àti èyí tí wọn kò rí. Èyí tí wọn kò rí ni iṣẹ́ yín. Bí wọ́n bá ti gbà pé ẹ̀yìn ń dùn yín, ẹ má tún fi oṣù mẹ́fà kó ìwé jọ pé ẹ̀yìn ń dùn yín. Okùn ni kẹ́ ẹ wá.

Ẹ bèèrè ẹ̀dà fáìlì yín lọ́wọ́ VA, títí kan ohun tí dókítà tó yẹ̀ yín wò kọ. Ẹni tó sì ṣiṣẹ́ ní Ìráàkì tàbí Afghanistan, níbi tí wọ́n ti ń dáná sun pàǹtírí ní gbangba, gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa òfin PACT Act ti ọdún 2022. Fún àwọn àìsàn kan tí òfin náà dárúkọ, VA ti gbà tẹ́lẹ̀ pé okùn yẹn wà.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà

Láti ọdún 2019 ni wọ́n ti tún ètò kòtẹ́milọ́rùn yìí ṣe. Ọ̀nà kìíní ni Supplemental Claim, fọ́ọ̀mù 20-0995. Ẹni tó ní ẹ̀rí tuntun tó kan ọ̀rọ̀ náà ló wà fún. Ìkejì ni Higher-Level Review, fọ́ọ̀mù 20-0996. Ọ̀gá mìíràn ló máa tún fáìlì yẹ̀ wò, ẹ kò sì lè fi ẹ̀rí tuntun kankan kún un, ṣùgbọ́n ẹ lè ní kí wọ́n pè yín lórí fóònù kẹ́ ẹ fi àṣìṣe wọn hàn wọ́n. Ìkẹta ni Board Appeal, fọ́ọ̀mù 10182, tó ń gbé ẹjọ́ lọ síwájú adájọ́. Níbẹ̀, ẹ lè ní kí adájọ́ wo fáìlì bó ṣe wà, ẹ lè fi ẹ̀rí kún un láàárín ọjọ́ 90, ẹ sì lè ní ẹ fẹ́ fẹnu ara yín rojọ́.

Ní kúkúrú: bí ẹ̀rí bá kù, ọ̀nà kìíní ni. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀rí pé, tí wọ́n kàn ṣì í kà, ọ̀nà kejì ni.

Ẹ̀rí inú ilé

Okùn tí à ń sọ, dókítà ló sábà máa ń fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Kò pọn dandan kó búra pé iṣẹ́ ológun ló fà á. Ohun tí òfin ń fẹ́ ni pé kó kéré tán jẹ́ ìdajì sí ìdajì, ìyẹn “at least as likely as not.” Bí ẹ̀rí ìhà méjèèjì bá dọ́gba, sójà ni òfin ní kí wọ́n dá láre. Kí dókítà kọ ọ́ pé òun ti ka fáìlì, kó sì sọ ìdí tóun fi rò bẹ́ẹ̀.

Àwọn ará ilé náà lè jẹ́rìí lórí fọ́ọ̀mù 21-10210. Ìyàwó kì í ṣe dókítà, kó má sọ orúkọ àìsàn. Kó sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí: “Kó tó lọ, òun ló máa ń gbé ọmọ lọ sókè àtẹ̀gùn. Láti ìgbà tó ti dé, orí àga ló ti ń kírun, torí kò lè lọ sí rúkúù, kò lè forí kanlẹ̀.” Irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ wúlò ju “ọkọ mi ń jìyà” lọ. Ẹni tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ náà lè kọ ohun tó ṣojú rẹ̀. Òtítọ́ nìkan ni kẹ́ ẹ kọ o. Ẹ̀rí èké jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ńlá lọ́dọ̀ Ọlọ́run, ọ̀ràn ni lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà náà.

“A dúpẹ́” ń pa ẹjọ́

VA lè ní kí dókítà tiwọn yẹ̀ yín wò. Ibẹ̀ ni àwa Yorùbá ti ń ba ọ̀rọ̀ ara wa jẹ́. Dókítà á ní báwo ni ara, a ó ní, “Àlíhàmdúlíláhì, a dúpẹ́.” Ìwà ọmọlúàbí nìyẹn, àmọ́ ohun tí òun máa kọ sílẹ̀ ni pé ara yín le. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kẹ́ ẹ sì dáhùn ìbéèrè dókítà. Ẹ sọ bó ṣe ń rí lọ́jọ́ tó bá le jù, iye ìgbà tó ń le bẹ́ẹ̀ lóṣù, àti iṣẹ́ tí ẹ kò lè ṣe mọ́. Ẹ má fi kún un, ẹ má sì yọ níbẹ̀.

Ta ni kẹ́ ẹ bá lọ?

Àwọn ẹgbẹ́ bíi DAV, American Legion àti VFW ní àwọn aṣojú tí VA fọwọ́ sí, tí kì í gba kọ́bọ̀. Lọ́yà tí VA fọwọ́ sí lè gbowó lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kọ́kọ́ kọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ka àdéhùn kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú àkọsílẹ̀ àwọn aṣojú tó wà lórí ìkànnì VA, ẹ má fún un ní fáìlì yín.

Bí sójà náà bá sì kú nígbà tí ẹjọ́ ṣì ń lọ, ìyàwó tàbí ọkọ tó fi sílẹ̀ lè bèèrè láàárín ọdún kan pé kóun bọ́ sípò rẹ̀ láti máa bá ẹjọ́ náà lọ.

Lónìí, ẹ yọ lẹ́tà yẹn nínú àpótí. Ẹ wo ọjọ́ tó wà lókè rẹ̀, ẹ fi ọdún kan kún un, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sára ògiri níbi tí gbogbo ilé á ti máa rí i. Kí Ọlọ́run fún àwọn tó fara gbọgbẹ́ ní ìlera, kó sì jẹ́ kí ẹ̀tọ́ wọn tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Àmín.