Irin Ṣakí, Òwú Ìsẹ́yìn àti Iná Mànàmáná

Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni èyí: bí ènìyàn bá wà ní pápá Òkè-Ògùn, tí kò ní ju ilẹ̀, igi àti ọwọ́ rẹ̀ lọ, ǹjẹ́ ó lè dá iná mànàmáná?

Ní 1831, Michael Faraday, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wé wáyà bàbà mọ́ òrùka irin ńlá kan, ó sì fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ àti aṣọ òwú ya wáyà kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Ìmọ̀ tí ó ti inú iṣẹ́ yìí jáde ni àwọn ẹ̀rọ tí ń pèsè iná dúró lé. Yàtọ̀ sí bátìrì tí ó lò, ohun mẹ́ta ni a rí dì mú níbẹ̀: irin, òwú àti bàbà.

Irin kì í ṣe àjèjì sí wa. Àwọn baba wa a máa wa òkúta irin, wọn a sì fi èédú yọ́ ọ nínú iléru. Èédú ni í gba ọ́síjìn kúrò lára òkúta náà tí irin fi ń kù. Ìdàrọ́ a sì ṣàn lọ. C. V. Bellamy kọ ìròyìn nípa irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nítòsí Ọ̀yọ́ ní 1904. Ní ti òwú, ta ni kò gbọ́ nípa àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn? Òwú tí a fi ìda oyin pa lè bo wáyà dáadáa.

Bàbà ni ìṣòro, nítorí òwò ọ̀nà jíjìn ni í gbé e wá. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Irin pàápàá ń gbé iná. Òun ni a fi ta ọ̀pọ̀ okùn tẹligíráàfù ayé ọjọ́un. Àmọ́ ìdènà rẹ̀ sí iná fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́fà ti bàbà, nítorí náà wáyà rẹ̀ gbọ́dọ̀ ki púpọ̀.

Ìdáhùn wa nìyí: ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Awakùsà, ayọ́rin, alágbẹ̀dẹ àti ahunṣọ ni yóò pawọ́ pọ̀ ṣe é. Ohun tí ó ń bani lẹ́rù ni pé nígbà tí irin òkèèrè dé, iléru tutù. Alágbẹ̀dẹ Ṣakí wá ń rọ àlòkù irin. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín dé ilé arọ, kí wọ́n kọ orúkọ ẹwìrì, ẹ̀mú àti ọmọ owú sílẹ̀, pẹ̀lú bí a ṣe ń lò wọ́n. Bí orúkọ bá parẹ́, ọgbọ́n iṣẹ́ kì í pẹ́ bá a lọ.