Wọ́n Ní Ewéko Ni Wọ́n Fi Ṣe Ike Yìí: Kí Ló Wà Nínú Rẹ̀ Gan-an?

  

Lónìí, ọ̀rọ̀ ike tí wọ́n po ewéko mọ́ ni mo fẹ́ ká sọ. Ẹ ti rí i ní ṣọ́ọ̀bù: ife, abọ́ ọmọdé, ṣíbí, tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé ọparun ni, tàbí pé pòròpórò àlìkámà ni. Àwọ̀ rẹ̀ a dà bí iyanrìn, èérún kéékèèké a máa hàn nínú rẹ̀. Owó rẹ̀ sì sábà máa ń ju ti ike lásán lọ. Ẹ máa ń bi mí pé, "Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ṣé ó dáa?" Ó dáa níbì kan, kò dáa níbòmíràn. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Ohun tí wọ́n ń wá nínú ewéko yẹn ni cellulose. Ẹ rántí kànrìnkàn ìbílẹ̀ tí àwọn màmá yín máa ń kó bọ̀ láti Nàìjíríà. Ẹ fi wẹ̀, ẹ fún un, ẹ sá a, kò já bọ̀rọ̀. Cellulose ló fún un lágbára yẹn. Òun náà ló wà nínú òwú tí a fi ń nu egbò ní ọsibítù, nínú bébà, nínú igi. Anselme Payen, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló yà á sọ́tọ̀ ní 1838. Ṣúgà ni, àmọ́ ṣúgà tó so kọ́ra ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn, tí okùn náà sì tún dì mọ́ra gbagidi. Inú wa kò lè dà á. Ìdí nìyẹn tí fọ́nrán inú ẹ̀fọ́ fi máa ń gba inú wa kọjá, tó sì ń jẹ́ kí ìgbẹ́ rọrùn láti yà.

Kí ló wá gbé e dénú ike? Ike lásán tètè máa ń tẹ̀. Ní ilẹ̀ Hausa, àwọn tó ń fi amọ̀ mọlé máa ń gé koríko sínú amọ̀ kí ògiri má baà sán. Ọgbọ́n kan náà ni. Bí nǹkan bá ti ike yẹn tàbí tó fà á, fọ́nrán inú rẹ̀ ni yóò gba agbára náà. Ike ni ẹran ara, fọ́nrán ni egungun.

Fọ́nrán gíláàsì ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń lò fún egungun yẹn tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ṣì ń lò ó. Ó lágbára, ṣùgbọ́n ó wúwo: ibi tí gíláàsì bá ti wọn gíráàmù 2.5, cellulose tó gba àyè kan náà máa ń wọn bíi 1.5. Gíláàsì yẹn tún máa ń gún àwọn òṣìṣẹ́ lára, tí ara á máa yún wọn.

Àmọ́ iṣẹ́ náà ní wàhálà méjì. Èkíní, cellulose fẹ́ràn omi, ike sì kórìíra omi. Tí ẹ bá da epo pupa sínú omi, ẹ mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀. Ọṣẹ ló ń bá wọn parí ìjà, nítorí ó di epo mú lápá kan, ó di omi mú lápá kejì. Irú èròjà bẹ́ẹ̀ ni ilé iṣẹ́ máa ń fi sáàárín ike àti fọ́nrán. Láìsí i, fọ́nrán á kàn wà nínú ike bí àlejò ni, kò ní ràn án lọ́wọ́. Èkejì ni iná. Bí ooru bá kọjá nǹkan bíi 200 lórí òṣùwọ̀n Celsius, cellulose á bẹ̀rẹ̀ sí í jóná. Nítorí náà, irú ike tó ń yọ́ ṣáájú ìyẹn ni wọ́n máa ń wá. Polypropylene, tó ń yọ́ ní bíi 165, bá a mu dáadáa.

Ẹ má rò pé ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń ṣe èyí. Ní Oakville níbí, lápá ìwọ̀-oòrùn Toronto, ni Ford ti ń to ọkọ̀ Flex tẹ́lẹ̀, títí di 2019. Nínú Flex ti 2010, àpótí ìkẹ́rùsí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá jẹ́ polypropylene tí wọ́n po pòròpórò àlìkámà mọ́, ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn onímọ̀ University of Waterloo wà nídìí iṣẹ́ náà, àwọn àgbẹ̀ Ontario sì ni wọ́n ń ra pòròpórò náà lọ́wọ́ wọn. Nígbà náà, Ford ní àpótí kékeré yẹn nìkan ń dín epo rọ̀bì tí àwọn ń lò kù ní bíi 20,000 páùn lọ́dún. Nígbà tó di 2014, wọ́n fi fọ́nrán igi rọ́pò gíláàsì nínú ibi ìgbápálé ọkọ̀ Lincoln MKX, tí wọ́n ń tò nígbà náà ní Oakville kan náà. Nílé náà, àwọn onímọ̀ FUTA l'Ákùúrẹ́ ti ń fi fọ́nrán sisal dán irú iṣẹ́ yìí wò.

Ibi tó ti dáa nìyẹn: inú ọkọ̀, lára ohun tí a kì í fi bu oúnjẹ. Inú ilé ìdáná ni ọ̀rọ̀ ti yí padà.

Púpọ̀ nínú ife àti abọ́ tí wọ́n ń pè ní ti ọparun, ìyẹ̀fun ọparun ni wọ́n pò mọ́ melamine. Melamine ni ike náà, formaldehyde sì wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe é. Formaldehyde yìí ni wọ́n máa ń fi tọ́jú òkú kó má baà jẹrà. Ní òpin 2019, BfR, àjọ ìjọba Jámánì tó ń yẹ ewu inú oúnjẹ wò, kìlọ̀ pé tí nǹkan gbígbóná bá wọnú irú ife bẹ́ẹ̀ lemọ́lemọ́, formaldehyde àti melamine lè jáde sínú rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Tí melamine bá pọ̀ lára, ó lè ba kíndìnrín jẹ́. Ní 2021, àwọn orílẹ̀-èdè European Union jùmọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó abọ́ wọ̀nyẹn kúrò lọ́jà, nítorí òfin wọn kò fọwọ́ sí ìyẹ̀fun ọparun nínú ike oúnjẹ.

Ẹ wá wo ilé wa. Ta ló ń mu ògì gbígbóná láràárọ̀? Ọmọ kékeré ni. Abọ́ wo ló rẹwà jù, tí kì í fọ́? Èyí tó ní àwòrán ehoro, tí wọ́n kọ ọparun sí lára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi bu ògì gbígbóná fún ọmọ, ẹ má sì gbé e sínú maikirowéèfù. Èso tútù tàbí bisikíìtì lẹ lè fi sínú rẹ̀.

Ohun kan tún kù. Ewéko tó wà nínú ike kò sọ ike di ewéko. Polypropylene tó gbé pòròpórò mì kò ní jẹrà nínú ilẹ̀. Kódà, ife àti ṣíbí ike tí wọ́n kọ compostable sí lára, ìlú Toronto kì í gbà á nínú Green Bin. Inú pàǹtí lásán ló ń lọ.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, ìbéèrè méjì ni. Àkọ́kọ́, irú ike wo ló di ewéko yìí mú? Bí ó bá jẹ́ melamine, ẹ má jẹ́ kó rí nǹkan gbígbóná. Bí wọn kò bá kọ ọ́ síbẹ̀, ẹ dá a padà sórí pẹpẹ. Èkejì, kí ni ewéko yìí rọ́pò? Bí ó bá rọ́pò gíláàsì tàbí epo rọ̀bì, ẹ kú oríire. Bí ó bá jẹ́ pé torí kí ẹ lè san owó sí i nìkan ni wọ́n ṣe fi síbẹ̀, ẹ tọ́jú owó yín.

Ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí ìyá ọmọ tuntun kan tí ẹ mọ̀. Àbọ́ irin tàbí tánńganran ò wọ́n jù. Ó dìgbà kan ná o. Ẹ tọ́jú ara yín.