Ẹsẹ̀ Tí Ń Dáni Dúró Lójú Ọ̀nà

Àwọn àgbà a máa sọ pé òkèèrè ni olójú jínjìn ti í mẹ́kún sun. Ọ̀rọ̀ yìí bá àìsàn ẹsẹ̀ kan mu, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà sí títí tí yóò fi di ọ̀ràn gígé ẹsẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú bàbá kan tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ṣe àpẹẹrẹ. Bí ó bá ń lọ sí ọjà, kì í tí ì rìn jìnnà tí ẹran ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀ yóò fi fún pọ̀ bí ìgbà tí pajápajá bá mú ni. Yóò dúró díẹ̀, bí ẹni tí ń wo ọjà tí wọ́n pàtẹ sí ẹ̀bá ọ̀nà. Ìrora náà yóò sì lọ. Bí ó bá tún rìn tó ti àkọ́kọ́, ìrora yóò tún dé. Àwọn ọmọ rẹ̀ a ní ogbó ni. Àwọn aládùúgbò a ní ó ti tẹ oògùn tí ọ̀tá dà sílẹ̀ dè é. Bàbá fúnra rẹ̀ a fi òróró pa á, a sì dákẹ́.

Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ gan-an? Ọkàn ni ó ń ti ẹ̀jẹ̀ jáde sí gbogbo ara, iṣan ẹ̀jẹ̀ sì ni ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ náà ń gbà. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ọ̀rá lè máa lẹ̀ mọ́ inú iṣan náà díẹ̀díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹrẹ̀ ti ń dí gọ́tà. Bí ènìyàn bá jókòó, ẹ̀jẹ̀ ìwọ̀nba tí ó ń kọjá tó ẹsẹ̀ lò. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń rìn, ẹsẹ̀ a béèrè fún ẹ̀jẹ̀ púpọ̀, kò sì ní í rí i. Igbe tí ẹsẹ̀ ń ké nítorí àìtó ẹ̀jẹ̀ ni ìrora náà.

Àwọn tí ó ní àìsàn yìí ní àgbáyé ju 200 mílíọ̀nù lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní ìrora rárá. Ó lè jẹ́ pé ẹsẹ̀ kan tutù ju èkejì lọ, tàbí kí egbò ọmọ ìka ẹsẹ̀ má jinná. Bí ẹsẹ̀ bá wá ń dunni lóru, tàbí tí ìka rẹ̀ ń dúdú, kò sí àyè ìdúró mọ́; ilé ìwòsàn ló kàn. Èyí tí ó tún burú ni pé iṣan tí ó ń dí ní ẹsẹ̀ lè máa dí ní ọkàn àti ní ọpọlọ pẹ̀lú. Ẹsẹ̀ wulẹ̀ jẹ́ oníṣẹ́ tí ó kọ́kọ́ dé ni.

Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ ọ́n kò le. Dókítà a wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ní apá, a sì tún wọ̀n ọ́n ní ọrùn ẹsẹ̀. Bí a bá fi iye ti apá pín iye ti ẹsẹ̀, tí èsì rẹ̀ kò tó 0.90, àmì pé iṣan ti ń dí ni.

Nínú gbogbo ohun tí ń fa àìsàn yìí, tábà àti àtọ̀gbẹ ni ó lágbára jù. Èéfín sìgá ń ba inú iṣan jẹ́, ó sì ń mú kí iṣan náà fún pọ̀. Àtọ̀gbẹ ń ba iṣan jẹ́, ó sì lè mú kí ẹsẹ̀ kú tó bẹ́ẹ̀ tí ìṣó yóò gún ènìyàn tí kò ní mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ni ó tẹ̀ lé wọn.

Ní ọdún 2010, American Heart Association to ohun méje tí ń dáàbò bo ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: yíyàgò fún tábà, oúnjẹ tí ó dára, eré ìdárayá, ìwọ̀n ara tí kò pọ̀ jù, àti kíkó ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, ṣúgà àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ níjàánu. Ní 2022, wọ́n fi oorun wákàtí 7 sí 9 kún un fún àgbàlagbà.

Èyí kò wí pé kí ẹnikẹ́ni kọ oúnjẹ ilẹ̀ baba rẹ̀ sílẹ̀. Kí òkèlè dín kù nínú àwo ni, kí ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ẹja àti èso sì pọ̀ sí i. Kí iyọ̀ oòjọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn nǹkan bí ṣíbí tíì kan, pẹ̀lú èyí tí ó wà nínú magí.

Ohun ìyanu ibẹ̀ ni pé ìrìn tí ń fa ìrora náà tún jẹ́ oògùn rẹ̀. Ẹni tí kò ní egbò, tí dókítà sì ti yẹ̀ wò, yóò rìn títí ìrora yóò fi le díẹ̀, yóò sinmi, yóò sì tún rìn, fún ìṣẹ́jú 30 sí 45, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, ó kéré tán fún ọ̀sẹ̀ 12. Díẹ̀díẹ̀ ni ibi tí ó lè rìn dé yóò máa jìnnà sí i.

Ní ti alátọ̀gbẹ, kí ó máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò lójoojúmọ́, kí ó má rìn láìwọ bàtà, kí ó má sì ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná.

Bí a kò bá tètè mú olè, olè a mú olóko. Bàbá tí ń dúró lójú ọ̀nà kò nílò ẹni tí yóò bá a wá ọ̀tá kiri. Ẹni tí yóò mú un dé ọ̀dọ̀ dókítà ni ó nílò, nígbà tí ó ṣì lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ibẹ̀.