Ṣé Ọmọdé Ló Ń Sọ̀rọ̀ Yẹn?

“Dádì, ṣé àwọn ọmọdé náà máa ń sọ Yorùbá ni?” Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 6, ló bi mí bẹ́ẹ̀ nílé wa ní London. Mi ò lè bá a wí. Ẹnu màmá mi àti ẹnu èmi nìkan ló ti ń gbọ́ ọ.

Mo ti ṣe kàtúùnù kékeré kan fún un. Èmi fúnra mi ni mo sọ̀rọ̀ ọmọ inú rẹ̀, mo wá fi kọ̀ǹpútà fa ohùn mi sókè. Iṣẹ́ mi ṣáà nìyẹn. Ó dún bí eku tó há sínú ìkòkò.

Lóòótọ́, àgbà lè ṣe é. Nancy Cartwright ti ń sọ̀rọ̀ Bart Simpson láti 1987, ọmọ ọdún 10 sì ni Bart títí dòní. Ohùn ọmọ gidi kì í dúró: Harley Bird ṣe Peppa Pig láti 2007 títí di 2020, kó tó bọ́ sọ́wọ́ ọmọ mìíràn. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn, ojoojúmọ́ làwọn ọmọ wa ń gbọ́ ọ lẹ́nu ẹgbẹ́ wọn. Kódà nínú Iwájú, eré Disney ti 2024 tó ṣẹlẹ̀ ní Èkó, Gẹ̀ẹ́sì làwọn ọmọ ń sọ jù. Bí àgbà bá tún ń díbọ́n ọmọdé ní Yorùbá, ìbéèrè ọmọ mi ṣì wà nílẹ̀.

Mo bá bẹ àǹtí mi kan n'Íbàdàn pé kí ọmọ-ọmọ wọn, ọmọ ọdún 7, bá mi ka ọ̀rọ̀ náà sí WhatsApp. Eyín iwájú rẹ̀ méjì ti yọ, afẹ́fẹ́ ń fọn jáde níbẹ̀ bíi fèrè. Adìyẹ ń ké lẹ́yìn rẹ̀. Mi ò yọ adìyẹ náà kúrò.

Ọmọ mi gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. “Dádì, kí lorúkọ ẹ̀? Ẹ bá mi pè é.”